Ilé Yíyá fún Sójà Tó Fara Gbọgbẹ́: Ẹ Béèrè, A Dáhùn

Lóṣù yìí, ìdílé àwọn ológun ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ̀wé sí wa. Àwọn kan, ogun ti gé wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn kan, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Àwọn kan, ẹ̀yìn wọn kò gbé wọn dúró bíi tàná. Wọ́n ti kúrò ní báráàkì, ilé ni wọ́n ń yá gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti Awẹ́. A kó àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀, a sì yọ orúkọ àwọn tó béèrè kúrò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ sójà ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ dojú dé pẹ̀lú wọn lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, láti ìgbà náà kò lè dá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Orí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé tó yá wà. Àdéhùn rẹ̀ ku oṣù mẹ́jọ, onílé sì ní àfi kó san owó oṣù mẹ́jọ náà pé kó tó kó jáde. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? (Ìyá Sájẹ́ǹtì, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Servicemembers Civil Relief Act, SCRA ni àwọn sójà ń pè é ní ṣókí. Láti 2003 ló ti wà. Níbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bá gbé sójà lọ síbòmíràn tàbí tí wọ́n rán an lọ sójú ogun ló lè fi ilé tó yá sílẹ̀ láì san owó ìtanràn. Ní oṣù kìíní 2021 ni wọ́n fi ẹ̀ka mìíràn kún un: sójà tó bá fara pa gidigidi tàbí tó bá ṣàìsàn ńlá nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ máa ní àyè ọdún kan, láti ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ sí i, láti já àdéhùn ilé. Tí ọpọlọ rẹ̀ kò bá lè ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, ọkọ rẹ̀ tàbí ẹni tí òun ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ lábẹ́ òfin lè ṣe é lórúkọ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọgbẹ́ ló wọ inú òfin yìí o. Ìpalára náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò ní lọ mọ́, tó le débi pé ẹni náà kò lè kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí kúrò nílé àfi tí ènìyàn tàbí ẹ̀rọ bá ràn án lọ́wọ́, tàbí pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ nígbà gbogbo kó má baà ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe. Àwọn aláṣẹ ológun ló ń sọ bóyá ó tó bẹ́ẹ̀. Onílé kò ní ẹnu níbẹ̀. Nítorí náà, ìwé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ àti ilé ìwòsàn ológun ni kó kọ́kọ́ wá.

Lẹ́yìn ìyẹn, kó kọ lẹ́tà sí onílé pé òun ń já àdéhùn nítorí ìpalára, kó fi ẹ̀dà ìwé náà tì í. Kó fi lé onílé lọ́wọ́, tàbí kó fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́nà tí onílé máa fọwọ́ sí i pé òun gbà á. Ẹ má jẹ́ kó parí sórí tẹlifóònù, ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dúró níwájú adájọ́. Tó bá jẹ́ oṣooṣù ló ń sanwó, àdéhùn máa parí ní ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí owó ilé tó kàn yẹ ní sísan. Ká ní lẹ́tà dé ọwọ́ onílé ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta, tí owó ilé sì máa ń bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù: láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin la ó ti ka ọgbọ̀n ọjọ́, ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún nilé bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Owó oṣù kẹrin nìkan ló kù kó san, kì í ṣe ti oṣù mẹ́jọ. Onílé kò gbọdọ̀ bù ú ní owó ìjádé láìtọ́jọ́. Ohun tó lè gbà ni gbèsè tó ti wà nílẹ̀ àti owó àtúnṣe ohun tó bàjẹ́ kọjá bí ilé ṣe ń gbó. Tí ọmọ yín bá ti san owó ṣáájú, wọ́n gbọ́dọ̀ dá èyí tó ṣẹ́kù padà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ jẹ́ méjì. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn ẹbí gbájú mọ́ ìtọ́jú, ọdún kan náà a sì lọ. Èkejì ni ìwé kékeré tí onílé máa ń gbé wá pé kí sójà buwọ́ lù, tí wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Òfin gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ láàyè tó bá dá wà lọ́tọ̀, tí lẹ́tà inú rẹ̀ sì tóbi tó, nítorí náà kó má fọwọ́ sí ohunkóhun kí àwọn lọ́yà inú báráàkì tó kà á. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ wọn.

Tó bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pátápátá, ọ̀pọ̀ ààbò inú SCRA kò bò ó mọ́. Fair Housing Act ti 1968, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìpèníjà ara kún ní 1988, ni yóò máa lò lẹ́yìn náà: onílé kò lè kọ̀ kó tún ilé ṣe bó ṣe bá ara rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n nínú ilé aládàáni, àpò ayálégbé ni owó àtúnṣe náà ti ń jáde.

ÌBÉÈRÈ: Sójà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Owó ilé ọdún méjì ni mo san ní Arówómọlé. Oṣù karùn-ún rèé, dókítà ní kí n wá máa gbé Ìbàdàn nítorí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí wọ́n fẹ́ ṣe fún mi. Onílé ní òun ti fi owó yẹn ra síméǹtì, kò sí ohun tí òun fẹ́ dá padà. Ṣé òfin kankan wà fún èmi náà?

ÌDÁHÙN: Ohun tí ìyá yẹn rí nínú òfin Amẹ́ríkà, ẹ kò ní rí i nínú tiwa. Òfin tí a fi ń gba ilé lọ́wọ́ ayálégbé níbí kò ya sójà sọ́tọ̀, kò sì sọ pé àìsàn ń tú àdéhùn ká. Ẹ ti ra ọdún méjì, ọdún méjì náà ti di tiyín, onílé sì lè sọ pé owó ti di tòun. Ó dun èèyàn, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí, àfi tí ẹ bá ti kọ nǹkan mìíràn sínú àgíríméǹtì.

Ẹ mú àgíríméǹtì yín jáde lónìí, kí ẹ wo ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ nípa fífi ilé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Tó bá ní kí onílé kọ́kọ́ gbà, ẹ wá ayálégbé tó ṣeé fọkàn tán tó fẹ́ gbé ibẹ̀ fún ìyókù àkókò náà, kí ẹ mú un lọ bá onílé. Ẹni tó ti fi owó ra síméǹtì máa ń yára gbà bẹ́ẹ̀ torí kò ná an ní kọ́bọ̀. Ẹni tuntun yẹn ló máa san owó oṣù mọ́kàndínlógún tó kù fún yín. Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta buwọ́ lùwé. Tí ẹ bá fi ilé lé e lọ́wọ́ lẹ́yìn onílé, ẹ ti fún onílé ní ẹ̀sùn tí kò ní tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì sanwó, ẹ̀yin gan-an là ń bá wí níbí. Kí kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sí yín lọ́wọ́ ni àdéhùn ṣeé yí padà. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló kù. Ẹ ní kí lọ́yà kọ irú gbólóhùn yìí sínú àgíríméǹtì:

"Bí dókítà ilé ìwòsàn ìjọba tàbí ti ológun bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlera ayálégbé kò jẹ́ kó lè máa gbé ilé yìí mọ́, tàbí pé ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibi ìtọ́jú, ayálégbé lè já àdéhùn yìí nípa fífún onílé ní ìwé ní oṣù kan ṣáájú. Onílé yóò dá owó àwọn oṣù tó ṣẹ́kù padà láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Bí ayálégbé kò bá lè kọ̀wé fúnra rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tàbí ẹni tó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbí lè kọ ọ́."

Ohun márùn-ún wà nínú rẹ̀ tí ẹ kò gbọdọ̀ yọ: ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó jẹ́rìí sí i, iye ọjọ́ ìwé, bí a ó ṣe ṣírò owó, àti ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ padà. Àgíríméǹtì tó bá kàn ní "onílé yóò dá owó padà" láì dá ọjọ́, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà onílé ṣì máa ní òun ń bọ̀. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Ká ní ₦240,000 ni ẹ san fún oṣù méjìlá, oṣù kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦20,000. Ẹ gbé oṣù márùn-ún, ẹ lo oṣù kan fún ìwé, oṣù mẹ́fà ṣẹ́kù: ₦120,000.

Onílé tó bá ní ọgọ́ta ọjọ́ kéré jù, ẹ fún un ní àádọ́rùn-ún. Ọ̀nà tó dájú ni kí ọjọ́ wà níbẹ̀.

Ohun kan kù lórí ìwé. Àdéhùn tí kò ju ọdún mẹ́ta lọ lè jẹ́ ti ẹnu lásán lábẹ́ òfin ilé àti ilẹ̀ tí Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ṣe ní 1959, èyí tí a ṣì ń lò ní Ọ̀yọ́. Tó bá ju ọdún mẹ́ta lọ, ìwé gidi tí lọ́yà ṣe ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí a kọ sókè yìí kò ṣeé fi sí ẹnu, bó tilẹ̀ jẹ́ oṣù mẹ́fà lẹ fẹ́ gbé. Tí òfin bá ní kí a san owó sítáǹpù ìjọba lórí rẹ̀, ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ náà sí i, torí kọ́ọ̀tù lè kọ ìwé tí kò ní in sílẹ̀ títí ẹ ó fi san owó náà pẹ̀lú ìtanràn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ ní Borno. Èjẹ́ńtì ti bá wa rí ilé sí ìsàlẹ̀ ní àdúgbò Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, a ti san owó èjẹ́ńtì. Ọjọ́ tí onílé rí i pẹ̀lú igi abẹ́ apá méjèèjì, ó ní òun kò fẹ́ aláàbọ̀ ara nílé òun. Ṣé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Kò lẹ́tọ̀ọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ka yíyà àwọn akanda ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀ ní 2018 lára orúkọ rẹ̀. Oṣù kìíní 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ú. Ohun tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sọ gbòòrò gan-an: ẹnikẹ́ni tàbí iléeṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ ya ẹni tó ní ìpèníjà ara sọ́tọ̀ nítorí ìpèníjà náà, lọ́nàkọnà. Iléeṣẹ́ tó bá rú u yóò san ₦1,000,000. Ẹni kan ṣoṣo tó bá rú u yóò san ₦100,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kó jẹ méjèèjì. Bí kọ́ọ̀tù bá fìyà jẹ ẹ́ tán, ẹ̀gbọ́n yín ṣì lè pè é lẹ́jọ́ fún owó gbà-má-bínú.

A kò ní tan yín jẹ ṣá o. Lọ́yà onílé lè dìde kó ní ọ̀rọ̀ ilé jẹ́ ti ìpínlẹ̀, òfin Àbújá kò dé ibẹ̀. Ìdáhùn sí i ni pé ìyàsọ́tọ̀ ni òfin yìí ń bá wí, kì í ṣe owó ilé. Àríyànjiyàn yẹn lè pẹ́ ní kọ́ọ̀tù, ẹ̀rí ló sì máa gbé e dúró. Onílé gbọ́n, tó bá di ọ̀la á ní ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ sanwó. Nítorí náà, kí inú tó bí yín jù, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí èjẹ́ńtì pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé nítorí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni baba ò ṣe gbà wá, àbí owó ni kò tó?" Èjẹ́ńtì tí kò fẹ́ dá owó padà máa ń yára sọ òtítọ́ kó lè di ẹ̀bi onílé. Ẹ tọ́jú ìdáhùn náà àti rísíìtì owó èjẹ́ńtì.

Ibi tí ẹ lè mú ẹ̀sùn lọ ni àjọ ìjọba àpapọ̀ fún àwọn tó ní ìpèníjà ara, èyí tí òfin náà dá sílẹ̀. Fún lọ́yà ọ̀fẹ́, Legal Aid Council wà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jùlọ lọ, tó jẹ́ ₦70,000 láti 2024. Ẹ mú ìwé owó ìfẹ̀yìntì dání, òun ni wọ́n máa fi mọ̀ bóyá ẹ kún ojú òṣùwọ̀n.

Ní ti pé kí ẹ fi kọ́ọ̀tù wọ ilé náà, a kò gbà yín níyànjú. Ta ló fẹ́ máa bá ẹni tó kọ òun pín kànga? Ẹ fi òfin náà gba owó èjẹ́ńtì yín padà, kí ẹ wá ilé mìíràn.

ÌBÉÈRÈ: Oṣooṣù ni owó ìfẹ̀yìntì mi ń wọlé. Gbogbo onílé ní Takie ń béèrè ọdún méjì. Wọ́n ní òfin ti ní wọn kò gbọdọ̀ gbà ju ọdún kan lọ. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Òfin Èkó ni wọ́n ń sọ fún yín. Òfin ilé yíyá tí Èkó ṣe ní 2011 ló ní onílé kò gbọdọ̀ gba ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, kò tilẹ̀ bo Ìkòyí àti Victoria Island pàápàá. Ẹni tó bá gbé òfin Èkó wá sí Takie, onílé á kàn fi rẹ́rìn-ín ni.

Ẹ lè dúnàá-dúrà pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Owó tí Military Pensions Board ń san fún ológun kò sí lábẹ́ ètò tí òṣìṣẹ́ ti ń dá owó sí àkáǹtì ìfẹ̀yìntì; láti 2011 ni wọ́n ti yọ ológun kúrò níbẹ̀. Ìjọba ló ń san án tààrà, àkọsílẹ̀ báǹkì oṣù mẹ́fà sì máa fi han onílé pé owó náà ń wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kó sí kòtò. Bí ẹ bá ṣe ń sanwó ni òfin fi ń mọ irú ayálégbé tí ẹ jẹ́. Ayálégbé ọdọọdún, ìwé oṣù mẹ́fà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún un kó tó jáde. Ayálégbé oṣooṣù, oṣù kan péré. Ẹni tó bẹ onílé títí tó fi gbà kó máa san oṣooṣù ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tí wọ́n lè lé láàárín oṣù kan, àti pé oṣù kan kò tó fún ẹni tó ń wá ilé tí wíìṣíà (àga onítáyà) lè wọ̀.

Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ọdọọdún ni ilé yìí. Ìdá méjì ni ayálégbé yóò san owó rẹ̀, ọ̀kan ní oṣù kìíní, èkejì ní oṣù keje. Ìwé oṣù mẹ́fà ni ẹnikẹ́ni nínú wa yóò fún ẹnìkejì." Òfin gbà kí ẹ̀yin méjèèjì fi ẹnu kò sórí iye àkókò tó wù yín, nítorí náà ohun tó wà nínú ìwé ló ń borí. Rísíìtì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ láti oṣù wo dé oṣù wo. "Mo gba owó ilé" nìkan kò tó.

ÌBÉÈRÈ: Onílé yọ ìlẹ̀kùn iwájú, ó gbé e lọ, ó ní ọdún ti pé. Ojú ọkọ mi kò ríran, inú iṣẹ́ ológun ni ó ti rí i. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní báráàkì Òdògbó fẹ́ wá bá onílé "sọ̀rọ̀". (Awẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ ní kí wọ́n jókòó sí Òdògbó. Lọ́wọ́lọ́wọ́, onílé ni arúfin. Bí sójà mẹ́ta bá dé ibẹ̀ pẹ̀lú bẹ́líìtì, ẹ̀yin náà di arúfin, ẹjọ́ yín sì ti bàjẹ́.

Yíyọ ìlẹ̀kùn, ṣíṣí páànù, gígé iná, títi géètì pa: kò sí ọ̀kan tí onílé lẹ́tọ̀ọ́ sí, kódà tí owó ilé bá ti tán. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ ọ́ léraléra, ó sọ ọ́ ní 1997 nínú ẹjọ́ Ihenacho àti Uzochukwu, pé onílé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé ayálégbé jáde. Ọ̀nà tó wà ni ìwé ìjádé, lẹ́yìn náà ìwé ọjọ́ méje pé onílé fẹ́ gba ilé rẹ̀, lẹ́yìn náà kọ́ọ̀tù májísíréètì. Bélíìfù kọ́ọ̀tù ló ń kó ẹrù síta, kì í ṣe àwọn ọmọ onílé. Ẹ yàwòrán ibi tí ìlẹ̀kùn wà, kí ọjọ́ hàn lára fọ́tò, kí ẹ pe aládùúgbò méjì wá wò ó. Ẹ fi tó àgọ́ ọlọ́pàá létí pé ó ba nǹkan jẹ́. Tí onílé bá fẹ́ lo ọlọ́pàá kan náà láti gba owó ilé, Òfin Ọlọ́pàá 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí ọ̀rọ̀ gbèsè tàbí àdéhùn lásán.

Àmọ́, ṣé ọdún ti pé lóòótọ́? Tó bá jẹ́ àkókò tí ẹ dá nínú àgíríméǹtì ló parí, onílé kò nílò ìwé oṣù mẹ́fà mọ́, ìwé ọjọ́ méje ló kù. Ẹ má sì gbára lé lọ́yà tó bá ní àṣìṣe wà nínú nótísì. Ní 2021, nínú ẹjọ́ Pillars àti Desbordes, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní bí ìwé ìpẹ̀jọ́ bá ti dé ọwọ́ ayálégbé, ìyẹn gan-an ti tó láti sọ fún un pé onílé fẹ́ ilé rẹ̀. Ohun tí ẹ lè bẹ adájọ́ fún ni àkókò. Ìwé dókítà ojú lẹ máa fi bẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rí pé ẹ ti ń wá ilé.

ÌBÉÈRÈ: Onílé gbà kí n ṣe ránpù, ìyẹn ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí táyà lè gùn, síwájú ilé fún bàbá wa tó ń lo wíìṣíà. Àtẹ̀gùn méjì ló wà níbẹ̀. Bíríkìlà ní mítà kan ààbọ̀ tó. Ta ló yẹ kó sanwó rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Kò tó, ẹ má gbà fún un. Ẹ wọn gíga àtẹ̀gùn méjèèjì pọ̀ láti ilẹ̀ dé ẹnu ìloro. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, ó jẹ́ 30. Gígùn ránpù gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjìlá gíga, ìyẹn mítà 3.6. Ránpù mítà kan ààbọ̀ máa dà bí òrùlé: ẹni tó ń tì í láti ẹ̀yìn kò ní lágbára tó, bàbá tó bá sì fẹ́ dá gùn ún, táyà iwájú á gbé sókè, á sì ṣubú sẹ́yìn. Bí iwájú ilé bá kúrú, ẹ ṣẹ́ ẹ ní igun: kó gùn dé àárín, kó ní ibi ìsinmi tó tẹ́jú tó jẹ́ mítà kan ààbọ̀ ní gígùn àti ní ìbú, kó wá yí padà.

Fífẹ̀ rẹ̀ kó jẹ́ mítà 1.2. Ẹ fi àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti ilẹ̀pa kún abẹ́ rẹ̀, kí ẹ gún un dáadáa, kí kọnkéré orí rẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10. Síméǹtì ìwọ̀n kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Fún mítà 3.6, àpò síméǹtì mẹ́ta ló máa gbà. Bíríkìlà fẹ́ràn kó fi ọbẹ̀ rẹ́ ojú rẹ̀ kó máa dán. Ẹ má gbà. Ìgbálẹ̀ ni kó fi fa ojú rẹ̀ ní ìbú kó tó gbẹ, kí táyà lè rí nǹkan dì mú nígbà òjò. Kí etí rẹ̀ méjèèjì yọrí sókè ní sẹ̀ǹtímítà 10 kí táyà má baà yẹ̀ sílẹ̀. Páìpù irin ní ẹ̀gbẹ́, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 90. Ẹ máa bu omi sí i fún ọjọ́ méje, pàápàá nígbà ọyẹ́, torí ọyẹ́ máa ń fa omi inú rẹ̀ kí ó tó le, á sì sán. Ẹ fi páìpù sí abẹ́ rẹ̀ níbi tí gọ́tà ti kọjá, kí omi má baà wọ ilé aládùúgbò.

Kí ẹ tó ná owó yìí, ẹ wọn ẹnu ọ̀nà inú. Wíìṣíà nílò ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 80 tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìlẹ̀kùn ilé ìgbẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé wa jẹ́ 60 tàbí 70. Kí ni àǹfààní ránpù fún ẹni tí kò lè wọ ilé ìgbẹ́? Inú ibẹ̀, wíìṣíà nílò àyè mítà kan ààbọ̀ kó tó lè yí. Irin tí bàbá máa dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, ẹ má kàn án mọ́ búlọ́ọ̀kù oníhò lásán, nítorí á tú pẹ̀lú bàbá. Ẹ kọ́kọ́ fi kọnkéré dí ihò búlọ́ọ̀kù náà, tàbí kí ẹ lo bóòtì tó gba ògiri kọjá.

Ohun tí ẹ bá kọ sílẹ̀ ló máa sọ ẹni tó máa sanwó. Ohun tí a bá kọ́ mọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ onílẹ̀ di ti onílẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá fi kọnkéré ṣe ránpù láì ní ìwé, ẹ̀bùn lẹ fún onílé. Ẹ ní kó yọ owó rẹ̀ nínú owó ilé ọdún tó ń bọ̀, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rísíìtì síméǹtì àti irin. Bí kò bá gbà, ẹ fi pákó tàbí irin ṣe èyí tó ṣeé gbé, kí ẹ kọ ọ́ pé tiyín ni. Ọjọ́ tí ẹ bá ń kó jáde, ẹ gbé e sínú ọkọ̀ pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ mi, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, kú ní oṣù tó kọjá. Owó ilé ku oṣù méje. Onílé ní orúkọ ọkọ mi ló wà nínú ìwé, nítorí náà kí n jáde. (Àkẹ̀sán, Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Ọlọ́run á rọ́ yín lójú, á sì dá yín sí fún àwọn ọmọ. Ẹ má jáde. Oṣù méje tí ọkọ yín ti sanwó rẹ̀ jẹ́ ara ohun tó fi sílẹ̀, ikú kò fà á ya. Ẹ fún onílé ní ẹ̀dà rísíìtì ìkẹyìn àti ìwé ẹ̀rí ikú, kí ẹ ní kó buwọ́ lù ú pé òun rí i. Kí oṣù mẹ́rin tó kọjá, ẹ lọ bá a lórí àdéhùn tuntun, orúkọ yín ni kó wà nínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.